Ẹ Má Ṣe Yọ Ọjọ́ Inú Ilé Kúrò Nínú Ìrìnàjò Àwọn Ọmọ Wa

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti kéde pé, lára ètò àjọ̀dún ọdún yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò rin ìrìnàjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń jà ràn-ìn láàárín àwa òbí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, bí owó náà tilẹ̀ pọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a là sílẹ̀ fún ìrìnàjò náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ fi gbé inú ilé àwọn ìdílé, ní méjì-méjì, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà. Wọn yóò máa lọ sí kíláàsì ní òwúrọ̀, wọn yóò sì máa padà sí ilé onílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan yòókù ni ti bọ́ọ̀sì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òbí kan ti kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà pé kí a yí ètò náà padà: kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn káàkiri, kí a sì fi Paris kún un. Ọ̀kan nínú wọn dìde ní ìpàdé, ó ní òun kò san owó tabua kí ọmọ òun lè lọ máa fọ abọ́ nínú ilé ìdáná òyìnbó.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún un sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Síbẹ̀ èmi gbà pé abọ́ fífọ̀ yẹn gan-an ni ohun tí ó yẹ kí a sanwó fún, àti pé bí a bá fẹ́ dín ọjọ́ kù nítorí owó, ti bọ́ọ̀sì ni kí a dín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rin irú ìrìnàjò báyìí kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì àti hòtẹ́ẹ̀lì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn ọmọ wa jọ jókòó, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ jà lórí ẹni tí yóò jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Awakọ̀, agbáwo àti ẹni tí ń fi ìlú hàn wá nìkan ni ọmọ ilẹ̀ náà tí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bọ́ọ̀sì a máa sọ àìríran yìí di ìlọ́po méjì, nítorí pé ó ti gíláàsì bo ojú náà. A rí odò Thames, a rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tí ń pààrọ̀ ara wọn. Nígbà tí a padà dé, tí mo ní kí wọ́n kọ àròkọ, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ní kàlẹ́ńdà Lọ́ńdọ̀nù lára ògiri rẹ̀ lè kọ ọ́ láì kúrò ní Òṣogbo.

N kò ní purọ́, ohun kan wà tí mo lè torí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ kan. Nínú British Museum, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ó yẹ kí ọmọ wa dúró níwájú rẹ̀, kí ó sì béèrè bí ó ti ṣe dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tó fún ìyẹn.

Kì í ṣe àwọn oníṣòwò ìrìnàjò òde òní ni ó kọ́kọ́ ronú pé kí a máa fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìdílé ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1932, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Donald Watt, dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Experiment in International Living sílẹ̀. Èrò rẹ̀ kò ju pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá jọ jẹun nídìí tábìlì kan, tí wọ́n sì jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan, yóò mọ ara wọn ju àwọn tí ó kàn kàwé nípa ara wọn lọ. Lára àwọn tí ó bá ẹgbẹ́ náà rìn lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù ní àwọn ọdún 1930 ni Sargent Shriver, ẹni tí ó di olùdarí àkọ́kọ́ fún Peace Corps ní 1961. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde àtijọ́ ni ó ṣì rántí Peace Corps, nítorí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn ni ó kọ́ yín ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ọdún 1961 yẹn náà ni ọ̀ràn káàdì Ìbàdàn ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lára àwọn Peace Corps tí ó kọ́kọ́ dé, tí ó ń gba ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ káàdì ìfìwéránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá. Ó ṣàpèjúwe ìgboro Ìbàdàn fún un bí ẹni pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń ṣe ohun gbogbo. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì rí i he. Láìpẹ́ wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kiri gbogbo ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí Peace Corps kó ẹrù wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di ìròyìn káàkiri ayé. Ọmọbìnrin náà ní láti padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Èmi kò ka ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn sí òpùrọ́. Ó rí obìnrin tí ń dín àkàrà létí títì, òótọ́ sì ni pé obìnrin náà wà níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn kò lè rí láti ojú títì ni agbo ilé tí ó wà lẹ́yìn obìnrin náà: yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, àpótí aṣọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó lórí ẹní, ìwé orin tí ó wà lórí tábìlì. Ẹni tí kò tíì sùn ní ìlú ju inú ọgbà yunifásítì lọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Àwọn ọmọ wa kò nílò káàdì mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè fi ọgọ́rùn-ún àwòrán ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rí i nígbà ìrìnàjò àkọ́kọ́: ọmọkùnrin kan ya àwòrán ọ̀mùtí tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹ wo òyìnbó yín. Káàdì Ìbàdàn nìyẹn, ọwọ́ ni ó kàn yí padà.

Ó sì yẹ kí àwa tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tọ́ dàgbà lóye ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn ní 1853, ìjòyè ogun kan, Olúńlóyò, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí abẹ́ ìtọ́jú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni Anna Hinderer tọ́ nínú ilé rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìlú ogun ni Ìbàdàn ìgbà náà. Kò sí ẹni tí ó mọ irú ènìyàn tí àwọn àlejò funfun wọ̀nyí jẹ́. Olúńlóyò kò rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo òyìnbó kí wọ́n padà wálé wá ròyìn. Ó fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ti ń fi ọmọ kọ́ṣẹ́ kí míṣọ́nnárì tó dé: ọmọ a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, a máa gbá ilẹ̀ rẹ̀, a máa mọ ìgbà tí inú ọ̀gá dùn àti ìgbà tí kò dùn, iṣẹ́ náà a sì máa wọ̀ ọ́ lára bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrìnàjò kejì tí mo bá wọn lọ ni ti inú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà láàárín wọn, ọmọ ilé ire, tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìyá ilé bi í bóyá kí òun bù sí i. Ó ní rárá, ẹ ṣé. Gbogbo wa mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọmọ tí a kọ́ kì í na ọwọ́ sí oúnjẹ nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ó ń retí kí a rọ òun lẹ́ẹ̀kejì, bóyá lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá ilé gbé àwo kúrò. Ní alẹ́ kejì, bákan náà. Ní alẹ́ kẹta ó pè mí lórí fóònù pé ebi ń pa òun. Mo sọ fún un pé ní ilé yẹn, “rárá” kò ní ìtumọ̀ méjì. Nígbà tí ó gbà kí a bu oúnjẹ sí i ní ọjọ́ kejì, ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò fún ayọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ń dá ara òun lẹ́bi, pé oúnjẹ òun kò dùn lẹ́nu ọmọ náà. Ìwà rere méjì ni ó ń pa ara wọn ní ebi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ti ọmọbìnrin kan tún wà. Ìyá àgbà tí wọ́n fi í sọ́dọ̀ rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní kí ọmọ náà máa pe òun ní orúkọ òun gan-an, láìfi ohunkóhun ṣáájú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe é? Fún ọjọ́ mẹ́rin ọmọ náà kò pè é ní ohunkóhun. Bí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, yóò rìn dé iwájú rẹ̀, yóò sì dúró títí ìyá náà yóò fi gbé ojú sókè. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ṣàlàyé ohun tí orúkọ àgbàlagbà jẹ́ ní ilé wọn, àti ìdí tí ó fi máa ń kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n fi “Auntie” parí ìjà. Ìyá náà ní òun gbà, bí ọmọ náà kò bá sáà ti ní kúnlẹ̀ fún òun nígbà tí kẹ́tùlù gbígbóná bá wà lọ́wọ́ òun. Báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Láti kékeré ni ọmọ yẹn ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ilé ìdáná yẹn ni ó ti yé e. Kò sì fi ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ ìdí rẹ̀ báyìí ju bí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti abọ́, ọkọ ni ó ń fọ̀ ọ́ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọkùnrin wa jókòó ní alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń wo bàbá onílé tí ó fi ẹ̀wù lílé dí ìdí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọṣẹ. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dìde. Ìtìjú ni ó gbé wọn dìde. Wọ́n mú aṣọ ìnuwọ́, wọ́n ń nu àwo gbẹ, bàbá náà sì ń bi wọ́n léèrè: kí ni wọ́n ń jẹ nílé, ta ni ó ń dáná, kí ni wọ́n rò nípa ìjọba wọn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó le fún wọn jù. Àgbàlagbà bi wọ́n ní èrò wọn, ó sì dákẹ́, ó ń retí èsì! Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ nídìí abọ́ yẹn kò sí nínú ìwé kíláàsì kankan.

Wọ́n rí àwọn ohun tí kò dùn mọ́ wọn pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé òòrùn ṣì ń ràn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù keje, a sì ní kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n rí ajá lórí àga pálọ̀. Wọ́n rí ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá kí ní ìgbà Kérésìmesì nìkan. Èyí tí ó ya ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu jù ni ti ọjọ́ Ìsinmi: àwọn tí baba ńlá wọn gbé ìwé Ìhìnrere wá fún wa ń gé koríko ọgbà wọn ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọmọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ bàbá ilé pé kí ló dé tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá náà kò bínú. Ó dáhùn gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n, ó sì béèrè ìdí tí ọmọ náà fi ń lọ. Ọmọ náà sọ fún mi pé òun kò rí èsì gidi fọ̀ ní ọjọ́ náà, pé òun kàn ń lọ nítorí pé gbogbo ilé ń lọ. Ó lo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà láti wá èsì náà. Ẹ sọ fún mi, olùkọ́ Bíbélì wo ni kò ní dúpẹ́ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó wà nídìí ìwé tí àwọn òbí kan kọ, ju ọ̀rọ̀ abọ́ lọ. Ẹ̀rù náà ní ìtàn. Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó tí wọn kò mọ̀ rí, kí àwọn lè ráyè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì kàwé. Àwọn ọmọ mìíràn rí ìfẹ́. Àwọn mìíràn rí ìyà tí wọ́n gbé dàgbà. Adewale Akinnuoye-Agbaje fi ìgbà èwe tirẹ̀ ṣe fíìmù ní 2018, ó pè é ní Farming. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín dá òbí lóhùn tí ó bá rántí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ewu wà gan-an. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí a sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n lè wá yẹ ilé náà wò. Ọ̀sẹ̀ méjì tiwa kò tó ọjọ́ 28. Nítorí náà òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò ní í kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ni yóò jẹ́ ojú òfin níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi há ọ̀gá àgbà lọ́rùn nìyí, dípò Paris. Ǹjẹ́ a ti ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní DBS fún gbogbo àgbàlagbà tí ó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìyá ilé nìkan? Olùkọ́ tí ó bá wọn lọ, ibo ni yóò sùn, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó bá pè é ní òru? Ilé wo ni ó ṣófo tí a lè gbé ọmọ lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ọ̀rọ̀ bá dàrú? Mo ti gbé ọmọ méjì kúrò nínú ilé kan rí ní alẹ́ kejì, nítorí pé àwọn onílé fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan títí di ọ̀gànjọ́. Kò gba wákàtí kan, nítorí pé a ti mú ilé mìíràn sílẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà kò bá rí èsì sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, èmi náà yóò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Owó ni ó wá kù. Àwọn ọmọ tí ó lè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí owó ọrẹ àwọn ìyá oníṣòwò kọ́. Ojú tì mí pé a ń ṣe àjọ̀dún gbogbo ènìyàn, a sì ń fi í rán ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan nírìnàjò. Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wo ìwọ̀ oòrùn. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kò jìnnà sí Bàdágírì. Láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ti 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti ìwé àṣẹ òbí ni ọmọ nílò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nínú ilé, tí wọ́n sì ń sọ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ wa tí ó ti ń kùnà nínú ìdánwò Faransé láti ọdún mẹ́ta yóò gbọ́ èdè náà lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀kọ àti ẹja. Yóò rí i pé wọ́n ń kọ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn, tí kp ń dúró fún p tiwa, tí sh sì ń dúró fún ṣ. Yóò béèrè ẹni tí ó pín wa, a ó sì ní láti sọ fún un nípa àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889. Owó ọkọ̀ lásán ni, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò sì kéré sí ti etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá sọ ọ́ di ti gbogbo kíláàsì ọdún kejì àgbà, kò ní sí ọmọ tí yóò jókòó sílé kí ó máa wo àwòrán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn ní ìpàdé. Àwọn ará Àjàṣẹ́ yóò fẹ́ kí àwọn ọmọ tiwọn náà wá. Bóyá àwọn ará ìlú etí òkun yẹn náà yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa ni yóò gbà wọ́n? Mo mọ ohun tí a ó sọ: iná kì í dúró, omi ń ṣe ségesège, ilé kò rẹwà tó. Àwọn ilé tí àwọn ọmọ wa gbé ní ìrìnàjò yẹn kì í ṣe ààfin. Ọmọ kan sùn sí yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba ìdajì rẹ̀. Ilé tèmi wà ní Mọ́níyà. Yàrá kan ṣófo níbẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ wa tí ó kẹ́yìn ti lọ sí ilé ọkọ. Kànga wà, jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ títí di agogo mẹ́wàá alẹ́, ìyàwó mi kò sì ní gba “rárá” ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti kọ orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde. Nígbà tí mo kọ ọ́, orúkọ mẹ́ta ni ó wà lókè tiwa.